WildFly àti áàpù tí kò yára gòkè: àgbéyẹ̀wò láti Bódìjà

WildFly ni server Java (ètò tó ń gbé áàpù tí a fi èdè Java kọ) tí a ń lò ní ọ́fíìsì wa ní Bódìjà, n'Íbàdàn, òun ló sì gbé áàpù ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ró: ìfowópamọ́, owó yíyá, èlé, gbogbo rẹ̀ pátá. Ọ̀fẹ́ ni. Red Hat ló tọ́ ọ dàgbà. JBoss AS ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, WildFly 8 tó jáde lọ́dún 2014 ló sì kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ tuntun yẹn. Ẹ̀sùn kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀: ó ń falẹ̀ jù bí èèyàn bá ń gbé áàpù sórí rẹ̀. Mo gbà pé ó ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a tú u wò fínnífínní, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi yẹn, ọrùn áàpù ló wà, kì í ṣe ọrùn server.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí. A jogún áàpù náà ni lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́ ṣáájú wa. Bí a bá gbé WAR rẹ̀ (fáìlì tí a di áàpù náà sí) sílẹ̀, ó máa ń ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí ojú ewé àkọ́kọ́ tó ṣí. Ìṣẹ́jú méjì lè má jọ nǹkan kan létí ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ. Kọ̀ǹpútà server tí a fi ń dán nǹkan wò wà lábẹ́ tábìlì ní ọ́fíìsì, inverter ló ń gbé e. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì tán, ó di kí a tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí àwọn oníbàárà ń lò wà lókè òkun. Bí a bá ń tún un ṣe lọ́wọ́, akápò ẹgbẹ́ náà á pè mí: "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín ò tíì jí ni? Èrò ti pọ̀ níwájú mi o." "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó kù díẹ̀." Tí ẹ bá ti sọ "ó kù díẹ̀" fún ìyá Ìbàdàn, ẹ ti jẹ gbèsè nìyẹn.

Kí ni WildFly ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn? Ó ń ṣí àwọn jar (àpò kóòdù Java) tó wà nínú WEB-INF/lib, ó ń wo class (ẹyọ kóòdù) inú wọn láti mọ èyí tó ní àmì bíi @Stateless, @WebServlet tàbí @Entity lára. Jandex ni wọ́n ń pe irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Weld á wá máa to àwọn bean, ìyẹn àwọn class tí server fúnra rẹ̀ ń bójú tó. Hibernate, alárinà áàpù àti database, á lọ bá database. Undertow á ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń bọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí jar bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣe ń gùn tó, jar inú WAR wa sì ti pọ̀ jù. Hibernate wà níbẹ̀, API Jakarta (ìlànà Java fún irú áàpù báyìí) wà níbẹ̀, RESTEasy (tó wà fún iṣẹ́ REST) náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ WildFly fúnra rẹ̀ ti ní gbogbo wọn nílé. A sọ wọ́n di provided (ohun tí server ti ní) nínú pom.xml, Maven, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ áàpù, sì yọ wọ́n kúrò nínú ẹrù. WAR náà fúyẹ́ gan-an. Ó tún dín owó dátà kù, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá fi WAR ránṣẹ́ sókè òkun, àpò wa ló ń dá a lóhùn.

Àwọn jar tiwa tí a kò lè yọ, a fi jandex-maven-plugin kọ ìtọ́ka wọn sílẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ́ wọn. META-INF/jandex.idx ni orúkọ fáìlì náà. Bí WildFly bá bá a níbẹ̀, ìyẹn ni yóò kà, kò ní máa tú class wò mọ́. Ẹni tó wọ ọjà Bódìjà láti ra ẹ̀lùbọ́, tí kò mọ̀nà, ìsọ̀ gbogbo ni yóò máa bi léèrè; ẹni tí wọ́n ti júwe fún á kọjá síbẹ̀ tààrà. Iṣẹ́ tí fáìlì kékeré yẹn ń ṣe nìyẹn. Mi ò ní parọ́, èrè rẹ̀ kò tó ti yíyọ jar.

Ẹ wo beans.xml náà, fáìlì tó ń darí Weld. Tiwa ní bean-discovery-mode="all", èyí tó ń sọ fún Weld pé kó ka gbogbo class sí bean. A yí i sí annotated. Ẹ múra o: class tí kò ní àmì bíi @ApplicationScoped tàbí @RequestScoped lára kò ní jẹ́ bean mọ́, àṣìṣe WELD-001408 (bean tí wọ́n ń wá kò sí) ni yóò sì kí yín káàárọ̀. A ní láti fi àmì sí àwọn kan lára.

Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ gan-an, Hibernate ni. Nínú persistence.xml, fáìlì ètò Hibernate, wọ́n ti fi hibernate.hbm2ddl.auto sí update. Ìyẹn ni pé nígbàkígbà tí áàpù bá ń gòkè, Hibernate á bi database léèrè nípa àwọn tábìlì àti òpó inú wọn, kó lè mọ ohun tó yẹ kó fi kún un. Tábìlì áàpù ẹgbẹ́ kì í ṣe díẹ̀. Server ìdánwò wà n'Íbàdàn, database rẹ̀ wà lókè òkun. Ìbéèrè á lọ, ìdáhùn á bọ̀, kí òmíràn tó tún gbéra. A yí i sí none, a sì gbé iṣẹ́ títún tábìlì ṣe fún irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Flyway. Òun máa ń kọ ohun tó ti ṣe sínú flyway_schema_history, èyí tó bá jẹ́ tuntun nìkan ló ń ṣe. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, kò sí èyí tó dín àkókò kù tó o. Kódà bí kò bá mú nǹkan yára rárá, mi ò fẹ́ kí áàpù tó ń ṣọ́ owó olówó máa dá tún tábìlì ṣe láìbi ẹnikẹ́ni.

Báwo la ṣe mọ̀ pé Hibernate ni? WildFly kọ́ ló sọ fún wa, ohun tó sì ń bí mi nínú jù lọ lára rẹ̀ nìyẹn. Log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe, á kọ WFLYSRV0027 nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, á kọ WFLYSRV0010 nígbà tó bá parí, kò ní sọ ẹni tó jẹ àkókò tó wà láàárín. jstack, irinṣẹ́ Java tó ń fi ohun tí ètò ń ṣe lọ́wọ́ hàn, la fi mọ̀. Bí áàpù bá ń gòkè lọ́wọ́, a ó pè é léraléra, a ó wo ibi tí thread (okùn iṣẹ́) kan náà dúró sí. Ọ̀nà àtijọ́ ni, ó sì ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wá pẹ́ jù, WFLYCTRL0348 ni ẹ óò rí: ó ti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 300, ó ń dá gbogbo rẹ̀ padà. Àwọn èèyàn á ní kí ẹ fi kún jboss.as.management.blocking.timeout. Ẹ lè fi kún un bí wàhálà bá dé, àmọ́ kò mú nǹkan kan yára. Ó kàn gbà yín láyè láti dúró pẹ́ sí i ni.

Àléébù kejì ni mẹ́mórì. Bí ẹ bá ń yọ áàpù tí ẹ tún ń gbé e padà láìpa server, class àtijọ́ lè má kúrò ńlẹ̀, pàápàá bí driver JDBC (tó ń so Java mọ́ database) bá wà nínú WAR, títí OutOfMemoryError: Metaspace (ibi tí class ń gbé nínú mẹ́mórì ti kún) yóò fi dé. A gbé driver náà jáde, a sọ ọ́ di module WildFly, ó sì dín kù. Síbẹ̀, lórí server àwọn oníbàárà, a máa ń pa á, a ó sì tún un tàn, jboss-cli.sh, irinṣẹ́ àṣẹ WildFly, la sì fi ń gbé áàpù sí i. Fódà standalone/deployments, tí WildFly ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún, dára fún ìdánwò nìkan.

Ní báyìí, áàpù náà kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó gòkè. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni máàkì mi. Log ló jẹ ọ̀kan yòókù. Ẹni tí kò nílò ju servlet àti JSP (kóòdù ojú ewé wẹ́ẹ̀bù) lọ, kó lo Tomcat, server Java mìíràn, kó má gbé ẹrù EJB àti JMS (irinṣẹ́ áàpù ńlá) tí kò ní lò. Tomcat náà ń tú jar wò o, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn sí jarsToSkip nínú catalina.properties.

Ẹni tí kóòdù rẹ̀ ṣì wà lórí javax (orúkọ àtijọ́ àwọn API Jakarta), kó kọ́kọ́ sọ ọ́ di jakarta kó tó gbé e lọ sórí WildFly 27, tó jáde ní 2022, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, @WebServlet rẹ̀ kò ní já mọ́ nǹkan kan lójú server: áàpù á gòkè kíá, 404 (ojú ewé kò sí) ni yóò sì máa fún gbogbo ẹni tó bá kàn sí i.