Oògùn Aràn, Síǹkì àti Ètù Fítámì fún Inú Ọmọ Kékeré: Bí A Ṣe Lò Wọ́n Sí

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fún wa ní ilé ìlera fún ọmọbìnrin mi, tó ti lé ní ọmọ ọdún kan ààbọ̀ nígbà náà: oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní albendazole, síǹkì oníhóró tó máa ń yòrò nínú omi, àti ètù fítámì tí wọ́n ń bu sórí oúnjẹ. Abúlé ni à ń gbé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọmọ ń rá, àárín ẹran ọ̀sìn ló sì ti ń ṣeré. Ìgbẹ́ gbuuru a máa wá, a sì máa lọ, àmọ́ ohun tó ká mi lára ni pé ó ń jẹun, kò sì sanra. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé kòkòrò àìfojúrí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé mì láti inú ìdọ̀tí lè mú kí ara ìfun kékeré máa wú, kí ohun tíntìntín tó ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀ di pẹlẹbẹ, kí ìfun fúnra rẹ̀ sì máa jò. Kò sí oògùn kan ṣoṣo tó ń wò ó pátápátá, nítorí náà ni mo ṣe ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo albendazole: mílígíráàmù 200 fún ọmọ tó ti pé ọdún kan àmọ́ tí kò tíì pé méjì, 400 fún ẹni tó ti pé ọdún méjì. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn ṣíbí fọ́ ìdajì hóró sí lúbúlúbú, ó fi omi díẹ̀ pò ó, ó sì dúró títí ẹkún ọmọ fi rọlẹ̀ kó tó fún un, nítorí odidi hóró lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun, pàápàá bí wọ́n bá dì í mú kí wọ́n tó rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Inú run ún díẹ̀ lálẹ́, lẹ́yìn náà aràn gígùn kan bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. (Ẹ má ṣe bẹ̀rù bí ẹ bá rí i, iṣẹ́ oògùn nìyẹn.) Ó dára púpọ̀ fún irú aràn ńlá yìí, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lílò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran aràn tín-ín-rín tó ń gbé inú ìfun ńlá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dènà kí aràn tún padà wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ lọ́dọọdún níbi tí aràn bá ti wọ́pọ̀, kí ó sì di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún níbi tó bá ti lé ní ìdajì wọn tó ní in.

Síǹkì ni mo gbé gẹ̀gẹ̀ jù. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù 20 ni lójúmọ́, fún ọjọ́ 10 sí 14, pẹ̀lú omi iyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ fi hóró sínú ṣíbí, ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Kò ní pé ìṣẹ́jú kan tí yóò fi yòrò. Adùn tí wọ́n fi bò ó kò bo ìtọ́wò irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí inú ọmọ bá sì ṣófo, ó ṣeé ṣe kó bì í. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń dá a dúró ní kété tí ìgbẹ́ bá ti dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ àṣeparí rẹ̀ gan-an ló ń dín ìgbẹ́ tó lè tún wá kù. Ohun mìíràn tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ ni ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014, lórí àwọn ọmọ abúlé ọdún kan sí mẹ́ta ní Màláwì. Wọ́n fún wọn ní irú ṣúgà méjì mu, wọ́n sì wo iye tó bá ìtọ̀ jáde, láti mọ bí ìfun ṣe ń jò sí. Ìfun àwọn tí wọ́n fún ní oògùn lásán, ìyẹn èyí tí kò ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú, bà jẹ́ sí i ju ti àwọn tó gba síǹkì tàbí albendazole lọ. Ẹ kíyè sí i pé dídín ìbàjẹ́ kù nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn.

Ètù fítámì ni kò fi bẹ́ẹ̀ wú mi lórí. Orí oúnjẹ rírọ̀ tó ti tutù díẹ̀ ni wọ́n ń bu ú sí, kí ọmọ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí oúnjẹ bá gbóná jù, àwọ̀ àti adùn rẹ̀ yóò yí padà, ọmọ yóò sì kọ̀ ọ́. Irin inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ dúdú, níbi tí ibà bá sì ti wọ́pọ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ìdènà ibà rìn. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan nínú ìwọ̀n ọmọ mi. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lo ètù yìí jù. Nítorí inú nìkan, mi ò ní tún gbà á. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tó, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.