Fóònù onítọ́ọ̀ṣì fún ọmọ ilé-ìwé: mo ra tiwa l'Ọ́jà Àtàkúnmọ́sà, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè fóònù tí mo rà fún àgbà ọmọ mi, ẹ wá gbọ́ o. Fóònù kékeré ni, eléyìí tó ní bọ́tìnnì, tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, tó ní rédíò, tó ń gba síìmù méjì. Kò ní WhatsApp, kò ní TikTok, kò ní YouTube. ₦15,000 ni mo rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan nínú Ọjà Àtàkúnmọ́sà níbí l'Iléṣà. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, màá fún un ní 8 nínú 10, ẹ máa gbọ́ ìdí tí mo fi yọ méjì. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ ni pé ọmọ tó ṣì wà ní JSS ò nílò fóònù tó ju èyí lọ, àwa tá a jẹ́ òbí là ń fi ara wa sábẹ́ ẹrù tẹ́nikẹ́ni ò gbé lé wa lórí.

Ìdí tá a fi wá fóònù fún un ni pé ó máa ń lọ lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé-ìwé, ibi lẹ́sìnnì ọ̀hún sì jìnnà sí wa díẹ̀, tí òjò bá ká wọn mọ́bẹ̀ tàbí tí tíṣà bá dá wọn dúró, ọkàn mi ò ní balẹ̀, màá kàn máa yọjú sí títì. Mo kàn fẹ́ kó lè pè mí pé Mọ́mì, a ti ṣe tán, mo ti wà lọ́nà. Ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti dárúkọ fóònù láàárín ẹbí báyìí, Android ni gbogbo wọn ń gbọ́. Ọkọ mi kan, àbúrò bàbá àwọn ọmọ ni, obìnrin ni, ó ní "Ìyàwó wa, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí máa wo ọwọ́ ọlọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń lo fóònù ńlá." Mo ní ọkọ mi, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ire wa lẹ̀ ń wá, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò ní bá wa ra dátà. Dátà ọ̀hún náà rèé, láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, ẹni tó ń rà á fún ara ẹ̀ nìkan mọ̀ ọ́n lára, ká má tíì wá sọ ilé tó lọ́mọ mẹ́ta.

Àwọn kan tiẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fóònù ní san-díẹ̀díẹ̀, àwọn tó máa ń jókòó sábẹ́ agbòjò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Aládùúgbò mi kan gbà á fọ́mọ ẹ̀, ó sì fi ìwé ẹ̀ hàn mí. Fóònù tí wọ́n ń ta ₦120,000 téèyàn bá kó owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó san ₦36,000 ṣáájú, ó wá ń san ₦4,900 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. ₦4,900 lọ́nà 24 jẹ́ ₦117,600, ẹ fi ₦36,000 lé e, ó di ₦153,600. ₦33,600 ló fi lé e lórí nǹkan tó lè já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ lọ́la tí ojú ẹ̀ á fọ́! Tí ọjọ́ ìsanwó bá sì kọjá, fóònù á tì pa fúnra ẹ̀, wọ́n ti fi áàpù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún yín. Àwa Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe àlejò sọ́rọ̀ àwìn o. Àwọn òṣómàáló, àwọn bàbá wa tó ń ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́un, àwìn ni wọ́n ń tà, tó bá sì dọjọ́ owó wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó wọn. Ṣùgbọ́n òṣómàáló ènìyàn ni, wàá bu omi fún un, wàá bẹ̀ ẹ́, wàá ní kó foríjì ẹ́ dọ̀túnla. Áàpù ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Aládùúgbò mi yìí, ẹ̀wà ló ń tà, ọjọ́ tí fóònù yẹn tì pa, owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀wà ọjọ́ kejì ló kó sí i, kò ta ọjà lọ́jọ́ kejì. Ó dùn mí gan-an, torí kò sí ẹni tó fipá mú un, ìtìjú pé ọmọ òun nìkan ni ò ní ló mú un débẹ̀.

Ó yá, ọjà. Onírúurú ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn kọ orúkọ kọ́ńpìnnì ńlá sára tí kì í ṣe tiwọn, lẹ́tà kan péré ni wọ́n á yí padà nínú orúkọ náà, ẹ fara balẹ̀ kà á dáadáa. Ọmọkùnrin tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní "Mọ́mì, ₦19,000 ni." Mo ní ₦12,000. Ó ní "Háà, Mọ́mì, mi ò tiẹ̀ rà á bẹ́ẹ̀." Mo ní jálẹ̀ ńkọ́, ó ní ₦16,000, mo ti ń lọ, ó pè mí padà, la bá fẹnu kò sí ₦15,000, ó sì fi íápíìsì kún un. Ọmọlúàbí ọmọ ni, kò bínú pé mo ń yẹ nǹkan wò, kódà òun ló bá mi tú u.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ rí i pé ẹ fi síìmù yín sí i. Ẹ pe ẹnì kan, kí ẹni yẹn náà pè yín padà, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń jáde tó sì ń wọlé. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹyọ kan tí ò bá gbọ́ràn, nọ́mbà tó ní i nínú ò ṣeé pè mọ́ nìyẹn. Ẹ tẹ *#06#, nọ́mbà IMEI, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ fóònù náà, á jáde, ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí àti èyí tó wà lábẹ́ bátìrì. Bátìrì náà, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sórí nǹkan tó tẹ́jú, ẹ fi ìka yí i, tó bá ń yí lọ láìdúró, ó ti wú nìyẹn, ẹ má gbà á, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wo ihò tí wọ́n ti ń ṣájì ẹ̀, kó jẹ́ irú ti micro-USB tí ṣájà ẹ̀ pọ̀ nílé gbogbo ènìyàn, torí àwọn oníhò róbótó tín-ín-rín yẹn, tí ṣájà wọn bá bàjẹ́, ẹ máa wá a títí.

Bátìrì ẹ̀ ò tóbi rárá, 1,000mAh ni wọ́n kọ sí i lára, síbẹ̀ tá a bá ṣájì ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kì í kú kó tó di ọjọ́rú, torí kò sí nǹkan ńlá kankan tó ń jẹ iná nínú ẹ̀. Ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Nígbà tí fóònù tèmi àti ti bàbá wọn bá ti kú, tiẹ̀ la fi ń pe ènìyàn. Tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, ó ti di ti gbogbo ilé, ẹni tó fẹ́ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru á ní ẹ gbé fóònù ẹ̀gbọ́n wá. Rédíò ńkọ́? Orísun FM 89.5 tó wà n'Ílé-Ifẹ̀ ń wọlé ketekete. Èyí tí mo rà yìí, íápíìsì ló ń lò bí éríà, tẹ́ ẹ ò bá kì í bọ̀ ọ́ rédíò ò ní sọ̀rọ̀, tó bá ti wọlé ẹ lè wá fi sí sípíkà kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Àwọn mìíràn wà tí éríà wọn wà nínú ara wọn, tó bá jẹ́ torí rédíò lẹ ṣe fẹ́ rà á, irú ìyẹn ni kẹ́ ẹ bèèrè. Nǹkan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé tá a bá ń gbọ́ ìròyìn lálẹ́, àbíkẹ́yìn mi á ní Mọ́mì, kí ni ìyẹn túmọ̀ sí, òwe tí mi ò pa nínú ilé, wọ́n ń gbọ́ ọ níbẹ̀, wọ́n á sì máa jiyàn lórí ẹ̀. Nígbà tí olúkúlùkù wa bá dorí kodò sínú fóònù tiẹ̀, mi ò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Kì í sì í ṣe nǹkan ìtìjú. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ẹni tó ní síìmù lásán, olówó ni. Nokia 1100 tó jáde ní 2003, tòun ti tọ́ọ̀ṣì lórí, ó lé ní mílíọ̀nù 250 tí wọ́n tà káàkiri ayé. Àwọn ènìyàn fi ṣòwò, wọ́n fi kọ́lé. Bàbá àwọn ọmọ mi, irú ẹ̀ ló fi ń pè mí kó tó fẹ́ mi.

Ó wá kan máàkì méjì tí mo yọ. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ àmúrelé. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ tíṣà ń ju iṣẹ́ sí báyìí, fóònù yìí ò lè gbà á, èmi ló ń gbà á lórí tèmi, màá wá gbé e fún un kó dà á kọ sínú ìwé. Tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, iṣẹ́ àmúrelé á pẹ́. Ó máa ń sú mi nígbà mìíràn. Ìkejì, káàdì ń pòórá. Mo fi ₦200 sí i, kò tíì pe ẹnikẹ́ni, ₦50 ti lọ, àṣé ọmọ ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ní kó wá gba orin, ni wọ́n bá ń yọ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rà á, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi síìmù sí i, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442, ìyẹn á dí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa tẹ *310# kẹ́ ẹ fi wo iye tó kù, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kóòdù yẹn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Kámẹ́rà ẹ̀ ò dáa rárá, mi ò tiẹ̀ yọ máàkì lórí ìyẹn, kì í ṣe fọ́tò la rà á fún.

Ọmọ náà ńkọ́? Kò fẹ́ ẹ nígbà tí mo gbé e délé. Ó sunkún. Wọ́n sì fi ṣe é yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, wọ́n ní fóònù ìyá àgbà ló ń lò, ó wá sọ fún mi, mi ò fi rẹ́rìn-ín torí mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Bàbá ẹ̀ ló ṣe nǹkan tó wú mi lórí. Ó gbé ìwé tá a fi ń kọ owó ilé wá, ó jókòó tì í, ó ní kó máa kà á sókè: owó ilé-ìwé àwọn mẹ́ta, owó ilé, gáàsì, gàrí, ìrẹsì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá wa, àjọ. Ó ní "Ìwọ náà wò ó, ibo la ti máa yọ ₦120,000 níbẹ̀ yẹn?" Ọmọ wò ó títí. Ó ní ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ nínú àjọ. Bàbá ẹ̀ ní àjọ yẹn la fẹ́ fi san owó WAEC ẹ tó o bá dé SS3. Kò fèsì mọ́, ṣùgbọ́n látìgbà yẹn tá a bá ti ọjà dé, òun ló máa ń ní ká wá kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti ń béèrè ìdí tí gàrí fi wọ́n ju ti oṣù tó kọjá lọ. A máa ń fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ fáwọn ọmọ bíi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni, wọ́n á wá rò pé a ní in, a kàn ń háwọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ìwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

A ò sì ní ká má lo fóònù ńlá rárá. Android àtijọ́ bàbá wọn wà ní pálọ̀, ibẹ̀ ló ń gbé, kì í wọ yàrá. Mo fi Family Link tí Google ṣe sí i, ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù tèmi ni mo ti ń dá wákàtí fún wọn, áàpù tí wọ́n bá sì fẹ́ gbé wọlé, èmi ni mo máa fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo nǹkan tí tíṣà bá ní kí wọ́n wò.

Tọ́mọ yín bá ti wà ní SS3, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe JAMB, ó yẹ kọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ kọ̀ǹpútà kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà, ẹ fi owó fóònù ńlá san ti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà, ó sàn jù. Kóòdù tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB pàápàá, NIN lẹ máa fi ránṣẹ́ sí 55019, fóònù onítọ́ọ̀ṣì ń ṣe é.

Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín ₦15,000 àti ₦120,000, a ò ní in sílẹ̀ o, ẹ má rò pé mo lọ kó o pamọ́ síbì kan, a kàn ò jẹ gbèsè ẹ̀ ni. Fún wa nílé yìí, ìyẹn tó nǹkan.

Bátìrì ẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ₦2,000 ni wọ́n pè é fún mi nínú ọjà kan náà. Ẹ mú ti àtijọ́ dání kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, torí ó pọ̀ tí wọ́n jọra tí wọn ò wọ ara wọn.