Ọmọ Under G tó bá mi pààrọ̀ dísìkì

Iṣẹ́ fótò ni mo ń ṣe ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́. Inú server Dell tòkunbọ̀ kan, kọ̀ǹpútà ńlá tí mo fi ń tọ́jú iṣẹ́ mi, tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà, ni gbogbo àwòrán ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe tí mo ti yà wà. Dísìkì mẹ́rin ló wà níwájú ẹ̀, RAID 5 ni wọ́n tò ó sí: bí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta yòókù á ṣì gbé ẹrù náà. Bí méjì bá fi lọ, ó parí nìyẹn.

Ojú mi ti rí i rí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà ní dísìkì 2 ló bàjẹ́. Ẹni tí mo pè ka "ọ̀kan, méjì," ó sì fà á yọ. Kò mọ̀ pé látorí òdo ni Dell ti ń ka tiẹ̀. Èyí tó yè ló yọ! Mo dá owó ìgbéyàwó méjì padà, ìyá ìyàwó kan ò kí mi mọ́ títí dòní.

Nígbà tí iná aláwọ̀ ọsàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára dísìkì kan lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní LAUTECH júwe ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní àdúgbò Under G. Aago mẹ́sàn-án ló dá, mọ́kànlá kọjá ló dé. Ó tún wá ní òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tí mo bá kọ́kọ́ da gbogbo àwòrán náà sínú dísìkì mìíràn lọ́tọ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Bí òmíràn bá tún kú ká tó parí ńkọ́?" Inú bí mi, àmọ́ mo ṣe é. Odidi ọjọ́ kan ló gbà.

Ọjọ́ kejì, kò pa server; dísìkì irú tèmi ṣeé yọ láìpa á, kì í ṣe gbogbo wọn. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ, kí iná tó máa ń ta lára èèyàn lásìkò ọyẹ́ má baà ba dísìkì jẹ́. Ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, iná ara dísìkì tó kú sì ń ṣẹ́jú fún wa. Ó tẹ bọ́tìnì, ó fà á síta díẹ̀, ó dúró. "Ẹ fọwọ́ kàn án, sà." Ó ṣì ń gbọ̀n wìrìwìrì, bí ẹ̀rọ ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó yọ ọ́ tán. Ó de tuntun mọ́ àpótí ẹ̀ ní skúrù mẹ́rin, ó tì í wọlé títí ó fi ró "kọ́."

Òru mọ́jú ni server fi ń kó nǹkan kún dísìkì tuntun náà padà. NEPA mú iná lọ láago méjì, inverter gbà á.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lówó iṣẹ́, yàtọ̀ sí owó dísìkì. Ó wọ́n lójú mi, rìsíìtì ẹ̀ ò sì ní déètì. Ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ló kó dísìkì àtijọ́ lé mi lọ́wọ́: "Àwòrán ìyàwó oníyàwó wà nínú ẹ̀, sà." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ bá a, ẹ má lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí ló máa wà.