Òkúta ojú ọ̀run tí mo rà l'Ájàṣẹ́

Ẹ gbọ́ o, 5000 fáráǹ ni mo fi ra òkúta yìí l'Ájàṣẹ́, ẹni tó tà á ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Mo gbé òòfà sí i, pá! ó lẹ̀ mọ́ ọn, inú mi dùn. Àṣé magnetite, èròjà onírin tí òòfà máa ń fà, wà nínú òkúta ilẹ̀ wa náà. Òkúta ojú ọ̀run gidi tó já ní Orgueil ní Faransé lọ́dún 1864, ó dúdú bí èédú, ó ń rún, magnetite inú ẹ̀ ṣù jọ wínníwínní bí ẹyin ẹja, omi ló jẹ irin inú ẹ̀ di bẹ́ẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, kó tó délé ayé rárá. Tèmi ńkọ́? Ó pọ́n bíi yangí ọ̀nà Kétu! Ìràwọ̀ méjì péré ni mo fún ọjà yìí, torí ó dáa fún dídi ilẹ̀kùn.