Láìmù tàbí símẹ́ńtì: èwo ni ká fi dí àlàfo ògiri ilé oko olókùúta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Òkúta ẹfun rírọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé oko àtijọ́ ní Cotswolds, agbègbè olókè kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ògiri wọn nípọn tó ìdajì mítà, kò sì sí ohun tó ń dènà omi ilẹ̀ ní ìpìlẹ̀ wọn, nítorí náà omi tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ráàyè jáde.

Láìmù, ìyẹn ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n ń sun láti ara òkúta ẹfun, máa ń jẹ́ kí omi gba àlàfo àárín òkúta jáde. Símẹ́ńtì le ju òkúta náà lọ: omi á há sẹ́yìn rẹ̀, bó bá sì dì nígbà òtútù, ojú òkúta á máa bó. Àlàfo ṣeé tún dí. Òkúta tó ti bó kò ṣeé dá padà.

Símẹ́ńtì ló dínwó, ó sì ń tètè gan. Láìmù ń fẹ́ sùúrù: po ìwọ̀n kan NHL 3.5 (irú láìmù oníyẹ̀fun tí omi ń mú gan) mọ́ ìwọ̀n méjì ààbọ̀ yanrìn oníhóró. Gbẹ́ àlàfo jìn tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀, fi omi rin ín, kó o tó kì í. Má ṣe é bí ojú ọjọ́ bá tutù ju 5°C lọ. Fi aṣọ àpò tútù bò ó. Bó bá yára gbẹ jù, á di lẹ́búlẹ́bú.

Ahéré búlọ́ọ̀kù tuntun nínú àgbàlá, símẹ́ńtì tó o. Ògiri òkúta rírọ̀, láìmù ni. Àmọ́ bí símẹ́ńtì àtijọ́ bá ti lẹ̀ pinpin, tí gígé e lè ba etí òkúta jẹ́, fi í sílẹ̀ títí yóò fi máa ṣí fúnra rẹ̀.