Atúmọ̀-èdè tàbí thesaurus: èwo ni ká ṣí fún "thin"?

Wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "thin" fún èèyàn, fún ọbẹ̀, fún irun orí. Thesaurus, ìwé tó ń to àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọra pọ̀, irú èyí tí Roget, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1852, máa ń yá: slim, skinny, watery, sparse, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ewu ibẹ̀ nìyẹn. Kì í sábà sọ pé ìyìn ni slim, pé skinny sì lè bí èèyàn nínú. Ọbẹ̀ tó ṣàn, watery ni. Ẹni tó bá pè é ní slim, ẹ̀rín ló fẹ́ pa wá. Atúmọ̀-èdè máa ń falẹ̀, àmọ́ ó ń fi gbólóhùn àpẹẹrẹ hàn.

Bí ọ̀rọ̀ tó o mọ̀ tẹ́lẹ̀ bá kàn fò ọ́ lórí, ṣí thesaurus. Bí o kò bá lo ọ̀rọ̀ náà rí, atúmọ̀-èdè ni, pàápàá nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́.