Essential oil mẹ́fà àti dífúsà kékeré: bí mo ṣe ń lò ó ní Kàbbà

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ ló ti ń bi mí nípa páálí essential oil (òróró olóòórùn tí wọ́n fún lára ewé, òdòdó tàbí èèpo èso) tó wà nílé mi, ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo ẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgò dúdú kéékèèké mẹ́fà ni, mílílítà 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: lavender, eucalyptus, peppermint, tea tree, ewé tíì (lemongrass) àti lemon, pẹ̀lú dífúsà kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi àti òórùn ọ́ìlì sínú yàrá, tó ń lo wáyà fóònù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, mọ́tò gbé e wá láti Lọ́kọ́já, ìgò kankan ò fọ́.

Ọ́ìlì yẹn dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Bébà tí wọ́n fi sínú páálí láti fi ṣàlàyé bí a ṣe ń lò ó ni ò dáa rárá, ó léwu. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn máa kán ẹ̀kán méjì sínú omi, kó máa mu ún láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún o! Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó tà á pé kó yọ ìlà yẹn kúrò, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí kò tíì fèsì. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé mo mọ bí àwa níbí ṣe gbà pé ohun tó bá ti ara ewé jáde ò lè ṣèèyàn ní nǹkan. Ewé tíì tí à ń sè mu kọ́ ni èyí tó wà nínú ìgò o, ẹrù ewé ńlá ni wọ́n máa ń fi ooru omi fún kí òróró bíńtín tó jáde, gbogbo agbára ewé yẹn ló wá kó jọ síbì kan. Eucalyptus ńkọ́, ṣíbí tíì kan péré, ìyẹn mílílítà 5, lè mú kí gìrì gbé ọmọ kékeré, ìdajì ìgò tó wà lọ́wọ́ mi sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ìdérí ìgò yìí rọrùn láti ṣí, ọmọ ọdún méjì lè yí i kúrò, ohun tó bí mi nínú nípa páálí náà nìyẹn lẹ́yìn ti bébà. Òkè kọ́ńbọ́ọ̀dù ni mo ń kó wọn sí, mo sì ń ti í. Tí ọmọ bá mu ún pẹ́nrẹ́n, ẹ má ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tó mu kẹrosíìnì, tí wọ́n á máa da epo pupa sí i lẹ́nu kó lè bì, torí nígbà tó bá ń bì ni òróró yẹn á gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé ọmọ, ẹ mú ìgò náà dání, ẹ lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ jòjòló tún wà. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní G6PD, ò tó lára wọn, ó sì pọ̀ ní Nàìjíríà wa níbí, lára ọmọkùnrin pàápàá. Menthol tó wà nínú peppermint, àti naphthalene tó sábà máa ń wà nínú káńfọ̀ tí à ń kó sáàárín aṣọ, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ojú ẹ̀ wá pọ́n, ibà pọ́njú yẹn sì lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́. Mo rí àwọn ìyá tó ń fi Robb pa ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì láyà tí ọyẹ́ bá dé, menthol sì wà nínú Robb, pẹ̀lú eucalyptus àti káńfọ̀ gidi, tí kì í ṣe ti àárín aṣọ. Kódà láìsí ti G6PD, kí wọ́n má fi peppermint tàbí eucalyptus sítòsí imú ọmọ kékeré, ó lè mú kí èémí ẹ̀ há.

Tó bá dọ̀ràn àgbà, èmi ò fi í sára láì lú u rí. Òrí ni mo ń lò, èyí tí mo rà lọ́jà Ìsánlú, mo máa ń yọ́ ọ wẹ́rẹ́ lórí iná, n óò jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó kán ọ́ìlì sí i. Òróró àgbọn náà dáa. Mílílítà kan tó bí ẹ̀kán 20, torí náà tí òrí yín bá jẹ́ mílílítà 30, ẹ̀kán 12 ni ìdá 2 nínú 100, àgbàlagbà tí ara ẹ̀ le ò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ife kékeré tó máa ń wà lórí ìgò oògùn ikọ́ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ti màmá mi, ẹ̀kán 6 ni mo ń ṣe torí awọ àgbà ti fẹ́lẹ́, tó bá sì jẹ́ ewé tíì, mi ò ní ju mẹ́rin lọ torí òun ń ta ara ju àwọn tó kù lọ. Orúnkún ni mo ń fi pa fún wọn lálẹ́. Wọ́n ní "ó ń tù mí lára", mo sì rí i pé wọ́n ń tètè sùn, ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà kọ fún wọn ò dúró o, èyí ò wo àrùn oríkèé, kò wo ibà, kò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń wò ó fẹ́ gba owó yín ni.

Kí ẹ tó fi pa ibi tó gbòòrò, ẹ fi díẹ̀ tí ẹ ti lú sí inú apá, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Tó bá yún tàbí tó pọ́n, ẹ fi sílẹ̀. Lemon ní tiẹ̀, èyí tí wọ́n fún lára èèpo láìlo iná, òun àti oòrùn ò rẹ́. Ẹ má fi para láàárọ̀ kí ẹ wá lọ roko, ara á jóná, àpá dúdú ẹ̀ á sì pẹ́ kó tó lọ. Ó kéré tán kí wákàtí 12 kọjá kí oòrùn tó kan ibẹ̀. Ẹ má sì kán an sínú omi ìwẹ̀, òróró ò pò mọ́ omi, á kàn léfòó lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí awọ ti rọ̀.

Dífúsà ńkọ́? Kò ń pariwo, iná ẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan, páwà báǹkì ń gbé e dáadáa tí wọ́n bá mú iná lọ, ìyẹn sì ṣe pàtàkì níbí. Omi kànga tàbí bóhò máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú ẹ̀, omi òjò tí mo sẹ́ ni mo ń lò. Ẹ̀kán mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó, n óò ṣí wíńdò, n óò tàn án bí ààbọ̀ wákàtí, mo pa á nìyẹn. Ẹni tó ní ásímà nílé kó ṣọ́ra gidi, òórùn yẹn lè ru ú sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò, ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè palẹ̀ àwọn ọ́ìlì yìí mọ́, tea tree ló burú jù, ẹ má fi lé eégbọn lára ajá náà o.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé ó jọ ojúlówó: orúkọ igi wà lára ìgò bí àwọn onímọ̀ ṣe ń kọ ọ́, Lavandula angustifolia, Eucalyptus globulus, kì í ṣe "lavender fragrance" lásán. Mo kán peppermint sórí bébà funfun, ó gbẹ láìfi àmì ọ̀rá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ "therapeutic grade" tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí, ìpolówó ni, ìjọba kankan ò fún ẹnikẹ́ni ní irú ẹ̀. Ẹni tó bá sì ń ta òróró rose níye tó ń ta lemon, ẹ rìn kúrò níbẹ̀, òdòdó rose tọ́ọ̀nù mélòó kan ni wọ́n ń lò fún kílò kan.

Ooru wa níbí ò dáa fún un o, pàápàá nínú yàrá onípáànù. Afẹ́fẹ́ àti ooru máa ń sọ lavender di ohun tó ń yún ara, kí ìdérí ẹ̀ le, kó jìnnà sí iná torí ó ń gbaná.

Ọ́ìlì, mo fún un ní 4 nínú 5, dífúsà 3, bébà yẹn òdo. Lavender ló kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ mi, òun nìkan ni n óò tún rà, mi ò ní ra gbogbo páálí mọ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ìgò tí ọmọdé ò lè ṣí, yálà ní Kàbbà tàbí Lọ́kọ́já, ẹ jọ̀ọ́ ẹ júwe ẹ̀ fún mi.